Ìròyìn pé "a ti rí ìwòsàn jẹjẹrẹ": èwo ni kí a gbà gbọ́?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì (Kábbà)

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ jíròrò lórí ìròyìn kan tí kò yé kárí àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp wa, láti Ọ̀wọ́rọ̀ títí dé Yàgbà: pé ìjọba Rọ́ṣíà ti ṣe abẹ́rẹ́ tí ń wo gbogbo jẹjẹrẹ sàn, àti pé ọ̀fẹ́ ni wọn yóò máa pín in fún aráyé. Ìròyìn náà kò ṣàdédé hù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn aláṣẹ ètò ìlera Rọ́ṣíà kéde pé àwọn ti ṣe abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gbé karí ìmọ̀ mRNA (iṣẹ́ tí a fi rán sẹ́ẹ̀lì ara nípa ohun tí yóò ṣe), àti pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ilẹ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2025. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti wà lára rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ náà wà fún, ti oníkálukú ni wọn yóò sì ṣe lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí kókó ara rẹ̀ bá ti rí. Kì í ṣe irú èyí tí a ń gún fún ọmọdé kí àrùn má baà wọlé. Ìkéde náà kò sì mú èsì ìdánwò kankan tí a ṣe lára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ wá. Kí ìròyìn yìí tó dé Kábbà, gbogbo àlàyé wọ̀nyẹn ti já dànù lójú ọ̀nà, "ìwòsàn" àti "ọ̀fẹ́" nìkan ni ó kù.

Irú rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ìwé ìròyìn New York Times gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé Judah Folkman, oníṣègùn kan ní Boston, ní oògùn méjì, endostatin àti angiostatin, tí ń mú kókó jẹjẹrẹ rá lára èkúté nípa dídí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà bọ́ kókó náà. Wọ́n ní James Watson, tí ó wà lára àwọn tí ó ṣàwárí bí DNA ṣe rí, sọ pé Folkman yóò wo jẹjẹrẹ sàn láàárín ọdún méjì. Watson ní òun kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iye owó ìpín ilé iṣẹ́ EntreMed, tí oògùn náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, fò láti nǹkan bíi dọ́là 12 dé nǹkan bíi 85 kí ó tó tún wálẹ̀. Folkman fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀: ó ní bí ènìyàn bá jẹ́ èkúté tí ó ní jẹjẹrẹ, àwọn lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n sì dán oògùn méjèèjì wò lára ènìyàn, wọn kò ṣe ohun tí wọ́n ṣe lára èkúté.

Síbẹ̀, èrò Folkman kò ṣòfò. Ní ọdún 2004, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bevacizumab, oògùn tí ń gba ọ̀nà kan náà ṣiṣẹ́, fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí ó ti tàn káàkiri ara. Oṣù díẹ̀ ni ó ń fi kún ẹ̀mí aláìsàn. Oṣù díẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí ó ń retí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àkọlé ọdún 1998 ṣèlérí rárá.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a máa béèrè, kí a tó fi ìròyìn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn: nínú abọ́ àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí i ni, lára èkúté ni, tàbí lára ènìyàn? Ènìyàn mélòó? Ta ni wọ́n fi wọ́n wé? Ṣé ẹ̀mí wọn ni ó gùn, tàbí kókó nìkan ni ó kéré sí i? Irú jẹjẹrẹ wo gan-an ni?

Ìyá Ìbejì (Ìyàrá)

Olùkọ́, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín ní ìmọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí a jókòó ti aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní jẹjẹrẹ ọyàn. Lọ́jọ́ tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé orí fóònù rẹ̀, a máa ń rí i pé ó jẹun dáadáa, a sì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà àdúrà ìdílé. Bí gbogbo ènìyàn bá ń sọ fún un pé irọ́ ni èyí, àbùmọ́ ni tọ̀hún, kí ni yóò máa fi sùn lálẹ́? Mi ò sọ pé kí a máa parọ́ fún aláìsàn o. Mo ń bi yín bóyá a lè sọ òtítọ́ kí ìrètí sì má kú.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira, Ọlọ́run yóò fún ẹ̀gbọ́n yín ní àlàáfíà. Mo gbà pẹ̀lú yín pé a kò gbọ́dọ̀ gba ìrètí lọ́wọ́ aláìsàn. Àmọ́ ohun tí ojú mi ń rí ni pé ìròyìn èké a máa gba àkókò lọ́wọ́ rẹ̀, àkókò ni ó sì ṣe iyebíye jù nínú àìsàn yìí. Àwọn obìnrin a máa dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí kókó ọyàn ti fọ́ síta, tí ó ti dé abíyá. Nígbà tí a bá béèrè ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, púpọ̀ nínú wọn yóò sọ pé wọ́n ní kí àwọn máa mu omi ewé sáwásọ́ọ̀pù, pé àwọn òyìnbó ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lágbára ju kẹ́mò, oògùn líle tí ilé ìwòsàn fi ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, lọ.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ ewé yẹn, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ṣòro láti tú ká. Àwọn onímọ̀ ti da omi rẹ̀ sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú abọ́ àyẹ̀wò, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì kú. Ṣùgbọ́n bí a bá da omi iyọ̀ tí ó le dáadáa sínú abọ́ yẹn, wọn yóò kú pẹ̀lú. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí oògùn wọ inú ara, kí ó la inú ikùn àti ẹ̀dọ̀ kọjá, kí ó dé ibi tí jẹjẹrẹ wà ní ìwọ̀n tí ó lè pa á, kí ó sì fi sẹ́ẹ̀lì tí ó dára sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìdánwò lára ènìyàn hàn pé ewé sáwásọ́ọ̀pù ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí a bá mú ọgọ́rùn-ún oògùn jẹjẹrẹ tí ó tilẹ̀ ti kọjá abọ́ àti èkúté, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò lára ènìyàn, nǹkan bíi mẹ́ta sí márùn-ún péré ni yóò gba ìfọwọ́sí níkẹyìn. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ ìdí tí mi ò fi lè bá wọn yọ̀ nígbà tí ìròyìn bá ti abọ́ àyẹ̀wò nìkan wá.

Akọ̀ròyìn Rédíò (ọmọ Mọ̀pà, ní Lọ́kọ́ja)

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwa tí a ń gbé ìròyìn jáde, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹ di ẹrù gbogbo lé ẹni tí ó ń tẹ fóònù ní abúlé lórí. Onímọ̀ ìwádìí yóò kọ sínú ìwé rẹ̀ pé oògùn yìí dín kókó kù lára èkúté, àti pé ó yẹ kí a tún wádìí sí i. Ẹ̀ka ìkéde ní yunifásítì rẹ̀ yóò kọ ọ́ pé ó lè di ìtọ́jú tuntun fún aráyé, torí wọ́n fẹ́ kí àwọn olówó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ ta ìpín ìdókòwò yóò tún bù sí i. Ìwé ìròyìn òkè òkun yóò yọ "lè" kúrò. Àwa níhìn-ín, tí a kò ní ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú láti ṣètò ìròyìn aago méje, yóò ka ohun tí ìwé ìròyìn yẹn kọ láìwo ìwádìí náà fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pa odindi irọ́ nínú wa, ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde ní ìparí kì í ṣe òtítọ́.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ méjì, Abola àti Prasad, tẹ ìwádìí kan jáde nínú JAMA Oncology, ìwé àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ, lórí èyí. Wọ́n kó ìròyìn 94 jọ tí ó lo àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá bí "iṣẹ́ ìyanu" àti "ìwòsàn" fún oògùn jẹjẹrẹ. Oògùn 36 ni ìròyìn wọ̀nyẹn dárúkọ. Ìdajì wọn kò tíì gba ìfọwọ́sí kankan ní Amẹ́ríkà, àwọn márùn-ún kò sì tíì ní èsì kankan rárá tí ó wá láti ara ènìyàn. Kì í ṣe àwọn akọ̀ròyìn nìkan ni wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ náà o. Àwọn dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ oògùn pẹ̀lú ń sọ ọ́.

Ọ̀nà kan náà ni ìròyìn ìbẹ̀rù ń gbà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé sọ pé jíjẹ ìwọ̀n gíráàmù 50 ẹran alágolo tàbí sọ́séèjì lójoojúmọ́ ń fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu jẹjẹrẹ ìfun. Àwọn àkọlé pariwo pé ó ti bá sìgá dọ́gba. Ohun tí ó túmọ̀ sí fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní ilẹ̀ tí àrùn náà pọ̀ sí ni pé bí ènìyàn bíi mẹ́fà ni ìbá ní in láyé wọn, yóò di bíi méje. Ewu ni lóòótọ́, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n sìgá kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, Olùkọ́, àwọn ìbéèrè yín dára púpọ̀, ṣùgbọ́n yàrá ìròyìn ni ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwa ni a ń gba owó lórí iṣẹ́ náà.

Ọmọ Bùnú

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ó ní ohun kan tí ó ń dà mí láàmú. Ṣé kì í ṣe pé àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ti ní ìwòsàn náà tipẹ́, tí wọ́n fi pamọ́ nítorí owó kẹ́mò tí wọ́n ń jẹ? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1971 ni ààrẹ Amẹ́ríkà, Nixon, fọwọ́ sí òfin láti gbógun ti jẹjẹrẹ, a sì rí i pé àwọn ènìyàn ṣì ń kú. Owó tí wọ́n ti ná látìgbà náà, níbo ni ó wọlé sí?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì (Kábbà)

Ọmọ mi, ìbéèrè rere ni, mo sì dúpẹ́ pé o bi í níhìn-ín. Ẹ jẹ́ ká wo Ralph Steinman. Òun ni ó ṣàwárí irú sẹ́ẹ̀lì kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ara ní ohun tí wọn yóò gbógun tì. Ní ọdún 2007, jẹjẹrẹ ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, tí wọ́n ń pè ní pancreas, mú un. Ó lo ìmọ̀ tirẹ̀ fún ara rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó mọ̀ jù láyé sì ràn án lọ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó kéde rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel. Bí ìwòsàn bá wà ní ìpamọ́ níbìkan, ọkùnrin yẹn ìbá ti mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Ohun tí ó jẹ́ kí ó pẹ́ ni pé jẹjẹrẹ kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò sì jọ èyí tí ó wà ní ẹ̀dọ̀fóró. Lára aláìsàn kan náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a máa yí padà títí tí oògùn tí ó ràn wọ́n lánàá kò fi ní ràn wọ́n mọ́. Nípa ti owó, kò wọ ilẹ̀ lásán. Ní Amẹ́ríkà, iye ènìyàn tí jẹjẹrẹ ń pa nínú iye ọmọ ìlú kan náà ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù láti ọdún 1991. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá láti inú pé wọ́n dẹ́kun sìgá, pé wọ́n ń tètè rí àrùn náà, àti pé ìtọ́jú ń sunwọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ọmọ tí ó bá ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ALL kì í sábà yè. Lónìí, ní àwọn ilẹ̀ tí ìtọ́jú wà dáadáa, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó ń yè. Kò sí ọjọ́ kan tí a lè tọ́ka sí pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n rí ìwòsàn ALL. Wọ́n ń da oògùn pọ̀ ni, wọ́n ń yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, wọ́n ń fi ẹgbẹ́ ọmọdé kan wé èkejì, fún ọgbọ̀n, ogójì ọdún.

Apòògùn Ìsánlú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mo fẹ́ dáhùn Ìyá Ìbejì, torí ó bi wá bóyá òtítọ́ àti ìrètí lè gbé pọ̀. Wọ́n lè gbé pọ̀, mo sì lè dárúkọ ibi tí wọ́n ti gbé pọ̀.

Ní ọdún 1960, àwọn onímọ̀ méjì ní Philadelphia, Nowell àti Hungerford, rí i pé nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CML, ohun kékeré kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò rí bí ó ṣe yẹ. Ó tó ogójì ọdún kí ìmọ̀ yẹn tó di oògùn. Nígbà tí dókítà Brian Druker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn 54 ní oògùn náà, imatinib, ní ìwọ̀n tí ó tó, ẹ̀jẹ̀ 53 nínú wọn padà sí bí ó ṣe yẹ kó rí. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Karùn-ún ọdún 2001. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, lẹ́ẹ̀kan yìí ariwo náà sì tọ́, fún àrùn yẹn nìkan. Àwọn tí ó rò pé ohun tí ó ṣe fún CML ni yóò ṣe fún gbogbo jẹjẹrẹ ni ìjákulẹ̀ bá. Kò jìnnà sí wa pẹ̀lú: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn aláìsàn CML láti gbogbo Nàìjíríà ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò ìrànlọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é. Oògùn jẹjẹrẹ tí ó ṣiṣẹ́, tí ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, wà ní Ifẹ̀ nígbà tí a ń wá a lọ sí Rọ́ṣíà.

Ti ọdún 2022 tún wà. Wọ́n fún àwọn aláìsàn 12 tí ó ní jẹjẹrẹ ìdí ní oògùn dostarlimab ní New York, kókó gbogbo wọn sì rá láìsí iṣẹ́ abẹ. Àwọn kan pariwo pé ó ti parí fún jẹjẹrẹ. Àwọn mìíràn ní ènìyàn 12 kéré jù. Ní ọdún 2025 wọ́n tún mú èsì jáde: àwọn 49 tí ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n ti parí ìtọ́jú náà, kókó gbogbo wọn rá. Èyí jẹ́ ìlọsíwájú gidi, ó sì mú inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n irú jẹjẹrẹ ìdí tí oògùn náà ń bá jà ní àbùkù kan pàtó nínú jíìnì rẹ̀, márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sì ń rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò fún àbùkù yẹn ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá ní in kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ fi èyí wé erlotinib, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2005 láti fi kún ìtọ́jú jẹjẹrẹ pancreas. Òótọ́ ni pé ó mú ẹ̀mí gùn. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Apòògùn ti sọ ti Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa gan-an, tí ó sì ń ká mi lára jù. Harald zur Hausen, ọmọ Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008 nítorí pé ó fi hàn pé kòkòrò HPV ni ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Láti ọdún 2006 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà. Ní ọdún 2021, ìwádìí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé láàárín àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ náà ní ọmọ ọdún 12 sí 13, jẹjẹrẹ yìí dín kù ní ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe èkúté, kì í ṣe abọ́ àyẹ̀wò. Àwọn obìnrin ìlú odindi ni. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2024. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un, kò sì sí owó sísan.

Ṣùgbọ́n ohùn tí ó gba pé Rọ́ṣíà ti wo jẹjẹrẹ sàn ni ó ń sọ nínú ẹgbẹ́ kan náà pé abẹ́rẹ́ yìí yóò sọ àwọn ọmọ wa di àgàn. Àwọn ìyá mélòó kan ti fa ọmọ wọn sẹ́yìn lójú mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin ní ọjọ́ orí yẹn, ẹ mú wọn wá.

Fún àwọn ìyá fúnra wọn, àyẹ̀wò kan wà tí a ń fi ọtí kíkan ṣe, tí kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ní Mumbai ní Íńdíà, wọ́n dán an wò láàárín àwọn obìnrin tí ó tó 150,000, ó sì dín ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp rí.

Akọ̀ròyìn Rédíò (ọmọ Mọ̀pà, ní Lọ́kọ́ja)

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sórí afẹ́fẹ́. Mo lè ṣètò rẹ̀ ní èdè wa, kí àwọn ìyá lè pè wọlé kí wọ́n sì béèrè ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù lọ́wọ́ yín tààrà. Yóò dára kí Apòògùn náà wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Ìyàrá)

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Apòògùn, kí ni ó yẹ kí n béèrè fún ẹ̀gbọ́n mi? A ń padà sí ọ̀dọ̀ dókítà rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.

Apòògùn Ìsánlú

Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ER, PR àti HER2 (àmì mẹ́ta lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn tí ń sọ irú oògùn tí yóò bá a mu) lórí ẹran díẹ̀ tí wọ́n gé lára kókó náà. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ẹ béèrè ibi tí wọ́n lè fi ẹran náà ránṣẹ́ sí, torí pé wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má tún gé e lára mọ́. Bí ER bá wà, oògùn tamoxifen wà fún un. Oníhóró ni, kò wọ́n bí àwọn oògùn tuntun, àwọn ìwádìí ọlọ́pọ̀ ọdún sì fi hàn pé lílò rẹ̀ fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí HER2 bá wà, tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ó ní àrùn yìí, ẹ béèrè nípa trastuzumab. Ó wọ́n, nítorí náà ẹ bi wọ́n bóyá ètò ìrànlọ́wọ́ kankan wà ní Ìbàdàn tàbí Àbújá. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́mò ni wọn yóò gbé ìtọ́jú náà kà jù, ẹ má sì jẹ́ kí ó fo ìgbà tí wọ́n bá dá fún un.

Ẹ gba ìwé èsì náà, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì mú un dání lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá darí yín sí. Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ fi ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mo ti ṣe tán láti bá yín kà á.